Ẹ Bi Bàbá Kọ̀ǹpútà: Hard drive tó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí, torí ojú ọ̀nà kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbà. Àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí ohùn ẹni tó ti lọ wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Bàbá Kọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú pé lẹ́tà mi gùn. Mo ní external hard drive kan, 2 TB, irú èyí tó ń wọ àpò, tí kò ní wáyà iná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọdún keje rèé tí mo ti ń lò ó. Gbogbo fọ́tò àwọn ọmọ mi láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọ ọwọ́ ló wà níbẹ̀, àti ohùn bàbá mi tí mo gbà sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó kú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Fódà kan á gba ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó ṣí. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, Windows wá ní kí n fọ́ọ̀mátì rẹ̀ kí n tó lè lò ó. Mi ò gbà. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n ṣe chkdsk, àṣẹ Windows tó ń yẹ hard drive wò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n dì í sínú ọ̀rá, kí n gbé e sínú fìrísà di àárọ̀. Lálaalẹ́ ni mo ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà láti wò bóyá yóò ṣí. Nígbà mìíràn á ṣí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì ń wo àwọn fọ́tò náà. Mi ò ní ẹ̀dà kankan níbòmíràn. Ẹ gbà mí.
— Ìyá Ọmọ Mẹ́ta

Ìdáhùn: Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, ẹ kú ìpayà. Ẹ gbọ́ èyí ná kí ẹ tó ka ìyókù: ẹ yọ hard drive yẹn, ẹ gbé e sí ibi tó tẹ́jú tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, ẹ má sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà títí ẹ ó fi ka ìdáhùn mi tán. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi ń ṣí yẹn lè jẹ́ gbogbo ohun tó kù nínú rẹ̀, ẹ sì ń ná an sórí wíwo fọ́tò. Mi ò bá yín wí o. Ẹni tó bá ń wá ojú ọmọ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ohun tí ẹ ṣe yẹn náà ni yóò ṣe.

Ẹ ṣe é re tí ẹ kò gbà fún fọ́ọ̀mátì. Bí Windows bá ní ká fọ́ọ̀mátì ohun tó kún fún fáìlì, ohun tó ń wí ni pé òun kò rí ìwé atọ́ka tó ń fi ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà han òun. Kò túmọ̀ sí pé àwọn fáìlì náà ti lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbà fún un, ìwé atọ́ka òfìfo ni yóò kọ dípò ti àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dún náà. Nínú irú hard drive tiyín, àwo pẹrẹsẹ ló ń yí. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wọ àpò máa ń yí nígbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Orí kékeré kan wà ní ṣóńṣó apá tín-ín-rín, òun ló ń kà, òun náà ló ń kọ. Kì í fara kan àwo bó ṣe ń yí. Afẹ́fẹ́ tí àwo fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ló gbé e dúró, àlàfo tó wà láàárín wọn sì kéré débi pé ẹyọ eruku kan tóbi jù ú lọ fíìfíì. Àmì wà lára àwo tí orí yìí fi ń mọ ibi tó wà. Bó bá wá àmì náà tì, apá á padà síbùdó rẹ̀, á tún lọ wá a. Lílọ àti bíbọ̀ yẹn ni kẹ́, kẹ́, kẹ́ tí ẹ ń gbọ́. Ó lè jẹ́ pé orí náà ti ń kú. Ó tún lè jẹ́ pé ó ti já lé àwo, tó ń ha á. Bó bá jẹ́ pé ó ń ha á, ibi tó bá ti ha di eruku nìyẹn, kò sì sí onímọ̀ kankan tó lè kó eruku padà di fọ́tò.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ yọ ọ́. Ilé tó ń jó lẹ wà yìí. Ẹrù là ń kó jáde nínú ilé tó ń jó, a kì í dúró tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Gbogbo ohun tí wọ́n sì ní kí ẹ ṣe yẹn, òrùlé ni wọ́n fẹ́ kí ẹ máa tún ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú chkdsk, torí ó ti dá egbò sí mi lára. Lọ́dún 2011, àbúrò mi obìnrin gbé hard drive kan wá fún mi. Fọ́tò ọdún méjì àkọ́kọ́ tí ọmọ rẹ̀ lò láyé ló wà níbẹ̀. Ó ń lọ́ra, ṣùgbọ́n fódà ṣì ń ṣí, fáìlì díẹ̀ péré ni kò fẹ́ ṣí. Mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún ọdún mọ́kànlá nígbà náà. Mo kọ chkdsk pẹ̀lú /r, mo tẹ̀ ẹ́, mo lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti parí, ó ní òun ti tún gbogbo nǹkan tó bàjẹ́ ṣe. Mo wo inú rẹ̀. Fódà tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Fódà tuntun kan tó ń jẹ́ found.000 ni mo bá, FILE0000.CHK, FILE0001.CHK, wọ́n tò lọ bẹ́ẹ̀ rẹpẹtẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣà wọ́n. Fọ́tò 212 ló jáde lódindi. Àwọn yòókù dúró sí ìdajì: iwájú orí ọmọ lókè, àwọ̀ eérú nísàlẹ̀. Àbúrò mi kò bínú sí mi. Bí kò ṣe bínú yẹn gan-an ló ń dùn mí dòní.

Chkdsk kò burú níbi tó bá ti yẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú kí ìwé atọ́ka bára mu. Gbígba fáìlì là kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá kan ojú-ewé tí kò lè kà, ó lè gé ohun tó so mọ́ ọn kúrò kí ìyókù lè gún. Èyí tó wá ní /r ń ka gbogbo ojú àwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bẹ́ẹ̀ orí tó ń kú kọ́ là ń rán ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀dà bá ti wà níbòmíràn, ẹ lè ṣe é lórí ẹ̀dà náà bó bá ṣe wù yín.

Ti fìrísà, rárá, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tútù tó bá jáde sínú afẹ́fẹ́ tó móoru máa ń làágùn, ẹ̀yin náà ń rí i lára ìgò omi. Hard drive kì í ṣe agolo tí wọ́n dí pa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Omi tó bá sẹ̀ sójú àwo, orí tó ń fò lókè rẹ̀ yóò kọlù ú. Ẹ má gbá a, ẹ má mì í, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ìdérí irin rẹ̀ lórí tábìlì. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ tú u kúrò nínú ike rẹ̀, kí ẹ fi í sínú ike mìíràn. Ní tàwọn kan, ara pátákó hard drive gan-an ni wọ́n jó ẹnu USB mọ́, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ yọ. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé pátákó inú ike yẹn ló ń fi kọ́kọ́rọ́ tí kò ṣeé fojú rí ti gbogbo ohun tí ẹ ń kọ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá yà á kúrò lára rẹ̀, wótowòto lẹ ó máa kà.

Wàyí o, kí ni kí ẹ ṣe? Nítorí kẹ́ tó ń dún yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba fáìlì là nínú yàrá tí wọ́n ti sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀, tí wọ́n lè pààrọ̀ orí, ni kí ẹ gbé e lọ. Kí ẹ tó fi lé wọn lọ́wọ́, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á kọ́kọ́ da odindi hard drive náà kọ sórí òmíràn kí wọ́n tó máa wá fáìlì. Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n á fi orúkọ àwọn fáìlì tó ṣeé gbà hàn yín kí ẹ tó sanwó tán. Ẹ sọ fún wọn pé ohùn bàbá yín lẹ fẹ́ ṣáájú, ẹ kọ orúkọ fódà náà sílẹ̀ fún wọn bí ẹ bá rántí. Ẹni tó bá ní òun á ṣí i lójú yín níbẹ̀ yẹn, ẹ gbé ẹ̀rọ yín, ẹ máa lọ.

Bí ọ̀nà kò bá sí rárá láti dé ọ̀dọ̀ irú wọn, ìgbìyànjú kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ sì gbọ́dọ̀ múra fún un kí ẹ tó so hard drive náà. Ẹ ra tuntun, ẹ so tuntun ṣáájú, kí fódà tí ẹ ó kó nǹkan sí ti wà ní ṣíṣí. Ẹ dá antivirus dúró ná, torí òun náà á fẹ́ ka fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí bí fódà ṣe ń hàn padà kó jẹ́ orúkọ nìkan ló ń tò, kó má máa gbé àwòrán kéékèèké jáde. Kí àwòrán kékeré kan tó hàn, ó di dandan kí kọ̀ǹpútà ka fọ́tò náà, iṣẹ́ àfikún nìyẹn jẹ́ fún orí tó ń kú. Ìgbà náà ni kí ẹ tó so ó, kí ẹ sì lọ tààrà sí ohùn bàbá.

Mo ní kí ohùn ṣáájú, kì í ṣe nítorí ọ̀wọ̀ nìkan. Wákàtí kan ohùn tí a gbà ní MP3 128 kbps kò ju bíi 58 MB lọ, ó lè jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Odindi 2 TB, bí ara rẹ̀ tiẹ̀ yá, tó sì ń sáré 100 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò gbà ju wákàtí márùn-ún lọ. Àṣìṣe tí mò ń rí jù nìyí: ènìyàn á di gbogbo fódà mú lẹ́ẹ̀kan náà, á ní kí wọ́n máa bọ̀, hard drive á sì kú sórí fíìmù tó ṣeé rí níbikíbi kó tó kan ohun tí kò láàrọ̀. Lẹ́yìn ohùn bàbá, ó kan fọ́tò ìgbà tí àwọn ọmọ kéré jù, torí àwọn tó sún mọ́ ìsinsìnyí lè ṣì wà lórí fóònù ẹnìkan nínú ẹbí. Ẹ máa mú wọn ní díẹ̀díẹ̀. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ẹ yọ ọ́, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin òǹkàwé yòókù tí tiyín ń lọ́ra ṣùgbọ́n tí kò dún. Ẹ má máa fà á ní fáìlì kọ̀ọ̀kan. GNU ddrescue, ètò kan tó ń da odindi hard drive kọ, ni kí ẹ lò lórí Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows), ọ̀fẹ́ ni. Ibi tó yá láti kà ló ń kọ́kọ́ kó, á fo ibi tó le, á wá padà síbẹ̀ tó bá yá. Ó tún ń kọ gbogbo ibi tó ti dé sínú fáìlì kékeré kan, tó fi jẹ́ pé bí iná bá lọ, á bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ rèé, bó bá jẹ́ pé /dev/sdb ni aláìsàn náà:

ddrescue -n /dev/sdb aisan.img aisan.map

Bí èyí bá parí, mo máa ń tún un kọ pẹ̀lú -d -r3 dípò -n, kó lè gbìyànjú ibi tó le lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i. Fáìlì .img yẹn máa tóbi tó hard drive náà lódindi, nítorí náà ibi tí ẹ fẹ́ gbé e sí gbọ́dọ̀ láyè jù ú lọ. Ẹ wo orúkọ /dev yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Lórí ẹ̀dà yẹn ni PhotoRec tàbí TestDisk, àwọn ètò tó ń wá fáìlì tó sọnù, ti lè wá máa ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ làwọn náà, bí wọ́n bá sì ṣe àṣìṣe, hard drive gan-an wà níbẹ̀ láìfarapa.

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ ǹlẹ́ o. Hard drive mi kò tíì pé ọdún kan. Ó máa ń wọlé, á tún jáde lójijì láì jẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án. Bí mo bá tẹ wáyà rẹ̀ sọ́tùn-ún, á dúró. Iṣẹ́ àṣekágbá mi wà nínú rẹ̀. Ṣé ó ti fẹ́ kú ni?
— Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin

Ìdáhùn: Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Bí títẹ wáyà bá ń mú un dúró, wáyà ni mo kọ́kọ́ fura sí. Irú wáyà tí ẹnu rẹ̀ pẹrẹsẹ, tó dà bíi pé ẹnu méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, máa ń tú lára kíákíá. Wá òmíràn tó kúrú, so ó mọ́ ihò ara láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, má gba inú hub (ẹ̀rọ tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) kọjá. Láti inú ihò yẹn náà ni hard drive ti ń jẹ iná: 500 mA ni USB 2.0 ń fún un, 900 mA ni USB 3.0. Bó bá ń pín in pẹ̀lú nǹkan mẹ́ta mìíràn lórí hub tí kò ní iná tirẹ̀, ebi á pa á, á sì máa kú, á máa jí.

Lẹ́yìn náà, fi CrystalDiskInfo wò ó lórí Windows, tàbí smartctl -a lórí Linux. Hard drive máa ń kọ ìwé nípa ìlera ara rẹ̀, SMART ni wọ́n ń pè é. Nọ́ńbà ni ìwé yìí fi ń pe àmì kọ̀ọ̀kan. Bí iye tó wà níwájú nọ́ńbà 199 bá ń gun òkè ṣùgbọ́n tí 5, 197 àti 198 dúró sí òdo, ojú ọ̀nà láàárín hard drive àti pátákó rẹ̀ ni kó o yẹ̀ wò, àwo kò ní àìsàn kankan. Bó bá jẹ́ 197 ló ń gun òkè, àwọn ojúlé tí kò ṣeé kà mọ́ ló ń pọ̀ sí i, èsì tí mo fún Ìyá Ọmọ Mẹ́ta kan ìwọ náà. Rántí pé bí CrystalDiskInfo bá ṣe dé, kì í ka nọ́ńbà bí a ṣe ń kà á. 10 tó bá kọ sábẹ́ Raw Values lè jẹ́ 16. Yí i padà sí DEC nínú Raw Values kí ojú rẹ má baà já.

Àmọ́, kó o tó ra wáyà, kó o tó wo nọ́ńbà kankan, da iṣẹ́ àṣekágbá yẹn kọ síbòmíràn lónìí. Jíjáde lójijì nígbà tí fáìlì ń wọlé lọ́wọ́ tó láti ba ìwé atọ́ka jẹ́, pàápàá bó bá jẹ́ exFAT ni wọ́n fi fọ́ọ̀mátì rẹ̀. Ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà ń gbà to fáìlì ni exFAT àti NTFS: NTFS ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é, exFAT kì í kọ ọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú làákàyè, Bàbá. Èmi ti gbọ́n ní tèmi. Hard drive méjì ni mo ní, ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì, báàgì kan ni mo sì ń kó wọn sí kí n má baà gbàgbé ọ̀kan. Gbogbo ohun tó wà lórí láptọ́ọ̀pù mi tún ń gòkè lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Mo sì ń wo SMART lóṣooṣù. Ṣé ó ku nǹkan kan?
— Ayàwòrán

Ìdáhùn: Ẹ ti ṣe ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, mo kí yín. Ṣùgbọ́n báàgì yẹn ń kọ mí lóminú. Bí olè bá gbé e, bí omi bá wọ̀ ọ́, bó bá já bọ́, ẹ̀dà kan ṣoṣo lẹ ní. Ayàwòrán bíi tiyín kan, Peter Krogh ará Amẹ́ríkà, ló gbé òfin 3-2-1 jáde fún àwọn oníṣẹ́ yín: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níbi tó jìnnà sí àwọn yòókù. Ẹ gbé ọ̀kan nínú méjì yẹn lọ sí ilé ẹni tí ẹ fọkàn tán, lónìí bó bá ṣeé ṣe.

Èyí tó ń gòkè lọ fúnra rẹ̀ yẹn ńkọ́? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ bá pa rẹ́ níhìn-ín ló ń pa rẹ́ lọ́hùn-ún, dígí ni, ohun tó bá ṣe ojú yín ló ń fi hàn. Bí àwọn ọ̀daràn tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti fáìlì ènìyàn kí wọ́n lè gbowó bá wọ láptọ́ọ̀pù yín, fáìlì títì náà ni yóò gòkè. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ rí i pé ó wà ní títàn. Hard drive ìpamọ́ sì gbọ́dọ̀ kúrò lára láptọ́ọ̀pù bí ẹ bá ti kó nǹkan sí i tán. Èyí tó ń gbé ibẹ̀ tọ̀sán-tòru, ohun tó bá pa láptọ́ọ̀pù lè pa á.

Ní ti SMART, ẹ máa wò ó, ẹ má kàn fi ọkàn sùn lé e. Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ Google gbé ìwádìí kan jáde lórí hard drive tó lé ní 100,000. Wọ́n rí i pé hard drive tí àyẹ̀wò bá ti rí àṣìṣe kíkà kan ṣoṣo lójú àwo rẹ̀ lè kú láàárín 60 ọjọ́ ní ìlọ́po 39 ju èyí tí kò ní irú rẹ̀ lọ. Ìkìlọ̀ ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé ó ju ìdajì àwọn tó kú lọ tí kò fi ọ̀kankan hàn nínú àmì mẹ́rin tó lágbára jù nínú SMART. Wọ́n kú láìdágbére. SSD burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ní tirẹ̀, kò ní àwo, kò ní orí, kò sí kẹ́ kankan tí yóò ta ènìyàn jí.

Nítorí náà, ohun tó kù fún yín ni kí ẹ máa ṣí ẹ̀dà wò. Kì í ṣe kí ẹ ka iye fáìlì. Kí ẹ ṣí i. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, mo máa ń mú fáìlì márùn-ún láìṣà lára ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, mo ń ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tèmi. Lóṣù tó kọjá, fídíò kan láti 2016 dúró ní ìṣẹ́jú kejì lórí hard drive tó wà nílé, kò lọ mọ́. Mo lọ ṣí èyí tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó lọ dópin. Mo dà á kọ padà ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sì ra hard drive mìíràn dípò ti ilé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.